Abọ́ Tí Haneefah Fi Aṣọ Dúdú Bò

Haneefah kó awọ màlúù tó ti fọ̀ mọ́ sínú ìkòkò, ó bu omi sí i, ó sì koná jẹ́jẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Kò fẹ́ kó hó. Ó fẹ́ kí awọ náà máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Yúnúsà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Ìlọrà, kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ti màlúù nìkan ni, àbí o ti fi ti ẹlẹ́dẹ̀ kún un?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ rà á ní Ìwàrè."

Yúnúsà ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àgbò Iléyá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Páànù ló ya àgbò náà nítan. Dókítà ẹran rán an, àgbò fara gbo ògiri, okùn já. Ojú egbò ń là lójoojúmọ́, ẹran sì ń tiro. Ìmáàmù ti sọ ọ́ gbangba pé ẹran tó ń tiro kò ṣe é fi ṣọdún, Yúnúsà ò sì lágbára àtira òmíràn. Ìdí nìyẹn tó fi gbà kí Haneefah, tó ń kọ́ ìtọ́jú ẹran ní yunifásítì, dán tirẹ̀ wò.

Nígbà tó yá, Haneefah sẹ́ omi awọ sínú abọ́, ó gbé e wọ yàrá, ó ti fèrèsé. Ó kán oògùn kan tó pupa bí epo sí i, ó bu ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ lé e, ó sì yára fi aṣọ dúdú bò ó.

"Kí ni pupa yẹn?"

"Irin wà nínú rẹ̀, Bàbá, irin tó ṣọ̀wọ́n tí wọ́n ń pè ní rùtẹ́níọ́ọ̀mù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, yóò jí, yóò sì máa so èròjà amúaradàgbà inú omi awọ yìí mọ́ra. Yóò so ó mọ́ ara àgbò pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i o. Mo fẹ́ lọ yá tọ́ọ̀ṣì Ṣùkúrù aládùúgbò wa."

"Irin tó ń sùn, tó ń jí!"

Bó ti jáde báyìí, ọkàn Yúnúsà ò balẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí nǹkan náà bá mọ́, kí ló dé tó ń bò ó? Ó gbé abọ́ bọ́ sínú oòrùn, ó ṣí aṣọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi igi rò ó, ó ń wá irun ẹlẹ́dẹ̀. Kò tíì wá a débì kan tí igi fi dúró gbọn-in. Omi ti dì.

Sàúdátù ìyàwó rẹ̀ yọjú. "Bàbá Ahmad, ẹ kú iṣẹ́ ọlọ́pàá o! Ta lẹ mú?"

"Òtútù ló mú un. Gbé e kaná kó yọ́."

Sàúdátù gbé abọ́ lé ẹnu ìkòkò omi lórí iná. Omi hó títí lábẹ́ rẹ̀, nǹkan náà ò yọ́. Ó kàn ń mì bíi mọ́ínmọ́ín. Orí rẹ̀ ni Haneefah bá wọn.

"Omi awọ lásán ni iná ń yọ́," ó wí. "Ìmọ́lẹ̀ ti so èyí pọ̀. Ó parí."

Yúnúsà fà á, nǹkan náà fa ara rẹ̀ padà. Ó tún fà á. "Ṣé oògùn pupa yẹn ṣẹ́ kù nínú ìgò rẹ̀?"

"Ó ku díẹ̀."

Lọ́tẹ̀ yìí, Yúnúsà fúnra rẹ̀ ló ti fèrèsé, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, kò jẹ́ kí Sàúdátù pàápàá wọlé. Ó di ìwo àgbò mú. Haneefah po oògùn mọ́ omi awọ tó kù, ó pa ojú egbò pọ̀, ó da omi náà sí i, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

"Ṣé kò ní jó o?"

"Ìmọ́lẹ̀ lásán ni, Bàbá."

Ní ọjọ́ kejì, àgbò fara gbo ògiri bíi ti tẹ́lẹ̀, egbò ò là. Kí ọdún tó dé, àpá tẹ́ẹ́rẹ́ ló kù. Ìmáàmù mú un rìn lọ rìn bọ̀, ó fọwọ́ pa itan rẹ̀, ó ní ó yẹ.

Ọjọ́ tí wọ́n jẹran ọdún tán, Yúnúsà kó àgbàdo jáde nínú yàrá kótópó tí kò ní fèrèsé, ó gbá a mọ́, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé Haneefah lọ́wọ́. "Irin rẹ á lè máa sùn níbẹ̀," ó wí.