Ìgbà Méjì Ni Clementina Wọ Yunifásítì

Ní ọjọ́ tí ìròyìn dé pé Clementina ti wọ yunifásítì, kò sí yunifásítì kankan láyé tí ó tíì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Fíìmù ni wọ́n ń yà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, ọmọbìnrin náà sì sáré jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn nítòsí Ìdúmàgbò, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pariwo pé, "Mo ti wọlé! Wọ́n ti gbà mí!"

Bí wọ́n ṣe ní kí ó ṣe é náà nìyẹn. Basheerah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó kọ eré náà tí ó sì tún ń darí rẹ̀, ti kìlọ̀ fún un pé kí ó pariwo bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ wọ̀ láṣọ. Eré apanilẹ́rìn-ín ni, nípa ọmọ kan tí gbogbo ẹbí fẹ́ kí ó lọ sí yunifásítì ju bí òun gan-an ti fẹ́ lọ. Haleem, ọmọ ilé kejì, ni ó ń ṣe bàbá ọmọ náà. Wọ́n ti fi èédú ya irùngbọ̀n sí i lẹ́nu, wọ́n sì so ìrọ̀rí mọ́ ọn nínú, nítorí Basheerah ní òun kò tíì rí bàbá olówó tí kò yọ ikùn rí.

Ibi tí Basheerah ti ṣì í kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ní bí àwọn ará àdúgbò bá mọ̀ pé wọ́n ń ya àwọn, gbogbo wọn ni yóò gan pa bí ẹni tí ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Nítorí náà ó gun ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sá pamọ́ sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n sá, ó sì yọ fóònù rẹ̀ láàárín ìró méjì. Kò sí ẹni tí ó rí i. Kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé eré ni.

Àǹtí Hàwáwù tí ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì ni ó kọ́kọ́ gbọ́. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó gbá Clementina mọ́ra, ó bú sẹ́kún. Bọ̀dá Mọ̀núrù, télọ̀ ojúlé kejì, sáré jáde pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Nígbà tí Haleem jáde láti wá sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú eré, Bọ̀dá Mọ̀núrù gbé e sókè, ó fì í lẹ́ẹ̀mejì, ìrọ̀rí sì jábọ́ láti inú aṣọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ni ìrọ̀rí ń wá níbẹ̀. Lọ́jọ́ ayọ̀, ta ni yóò yẹ ikùn ọmọ ọlọ́mọ wò?

Ìròyìn kì í fẹsẹ̀ rìn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, fífò ni ó ń fò. Kí ó tó kúrò ní Ìdúmàgbò, ìmọ̀ ìṣègùn ni Clementina fẹ́ lọ kọ́. Nígbà tí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ Iga Ìdúngànrán, ó ti di lọ́yà. Nígbà tí ó dé Ìdúmọ̀tà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ta fíìmù títí ọlọ́jọ́ fi dé, wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù ni, wọ́n ní ó ti wà nínú ọkọ̀ òfurufú.

Clementina la ẹnu láti sọ pé eré ni. Ìgbà náà ni ó rí Màmá Àgbà.

Màmá Àgbà Joanna ni ìyá tí ó bí bàbá rẹ̀. Joaquim nìkan ni ọmọkùnrin tí ó bí, Joaquim sì kú nígbà ọyẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, Màmá Àgbà ń jẹun, ó ń lọ sí Mísà, ó ń dáhùn bí ènìyàn bá kí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́. Àfi lọ́jọ́ náà. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, gèlè rẹ̀ ti já sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń jó bọ̀ láàárín títì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ó kúnlẹ̀ síwájú Àǹtí Hàwáwù, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀ síwájú Bọ̀dá Mọ̀núrù. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó gun òkè lọ wéré bí ọmọdé.

Clementina mọ ibi tí ó ń lọ, ó sì sáré tẹ̀ lé e.

Àgùdà ni wọ́n nílé wọn. Láti Bùràsíìlì ni àwọn baba ńlá wọn ti gbé ère Antóníò Mímọ́ kan bọ̀, ó sì wà lórí pẹpẹ nínú pálọ̀ títí di òní. Àṣà ilé náà ni pé bí ènìyàn bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni mímọ́ náà, tí kò sì tètè dáhùn, wọn a kọjú rẹ̀ sí ògiri títí yóò fi ṣe é. Lọ́dún tí ó kọjá, nígbà tí Clementina ṣe ìdánwò JAMB tí kò rí ààyè, Màmá Àgbà dìde pẹ̀lẹ́, ó yí Antóníò Mímọ́ padà. Ó ní, "Ẹ dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ ó ríran." Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ó máa ń nu eruku kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í bá a sọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí, Clementina dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì rí i bí Màmá Àgbà ti rọra yí ère náà padà, tí ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀, tí ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú, pé ọ̀fọ̀ ni kò jẹ́ kí òun ní sùúrù. Ó fi ẹnu ko ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ jáde bí ikọ́, bí omi ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ tí kò yọ, tí yóò kọ́kọ́ fọ́n afẹ́fẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Nígbà tí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kò fẹ́ dúró mọ́.

Clementina rọra yẹra kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí ó bá sọ òtítọ́, ẹ̀rín yẹn yóò padà sí ibi tí ó ti wá, ta ni ó sì mọ̀ bóyá yóò tún jáde láéláé?

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá Àgbà ti fà á lọ́wọ́ káàkiri ilé àwọn àgbà láti lọ gba àdúrà, ó sì ti bá Fadá sọ ọ́ pé ìdúpẹ́ ń bẹ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Àwọn mẹ́ta tí ó dáràn náà ṣe ìpàdé lórí àtẹ̀gùn. Haleem dá a lábàá pé kí Clementina kàn kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yunifásítì kan, kí ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, pé èrò pọ̀ níbẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Basheerah kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Fóònù rẹ̀ ni ó ń wò.

Clementina ní, "Ìwọ, ilé ń jó, o ń wo fíìmù."

Basheerah dáhùn pé, "Wo ẹkún Àǹtí Hàwáwù yìí ná. Òṣèré wo ló lè sunkún báyìí? Ọlọ́run ló gbé e wá fún wa."

Àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Búrẹ́dì gbígbóná ni Àǹtí Hàwáwù ń gbé wá láràárọ̀, ó ní ọpọlọ dókítà gbọ́dọ̀ jẹun. Bọ̀dá Mọ̀núrù wọn ara Clementina fún aṣọ ìdúpẹ́, ó ní òun kò gba nǹkan kan. Clementina ń tẹ fóònù rẹ̀ wò bóyá yunifásítì tí ó kọ̀wé sí ti dáhùn, bí ẹni ń yẹ ìkòkò ẹ̀wà wò, ẹ̀wà náà kò sì jinná. Nígbà tí ó di Sátidé, ó gbọ́ tí Màmá Àgbà ń kọrin nídìí ààrò, orin Látìn ìgbà èwe rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò lè jẹ́ kí obìnrin yìí jó lọ síwájú pẹpẹ Ọlọ́run lórí irọ́. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Màmá Àgbà, fíìmù ni."

"Kí ni fíìmù?"

"Èyí tí mo pariwo lọ́jọ́ yẹn, mà. Eré la ń ṣe. Basheerah ló ń yà á látòkè. Wọn ò tíì gbà mí níbì kankan."

Màmá Àgbà fi ṣíbí sílẹ̀. Ó wo ọmọ náà, ó na ọrùn wo pálọ̀, níbi tí Antóníò Mímọ́ dúró sí tí ó ń wo gbogbo wọn tojú-timú.

"Ẹ ti wá jẹ́ kí n bẹ ẹni mímọ́ tí kò ṣe nǹkan kan," ni ó wí. "Mo tún fi ẹnu kò ó lẹ́sẹ̀."

Clementina dojú bolẹ̀. Ó ń retí ìdákẹ́jẹ́ tí ó mọ̀ dunjú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbọ́ ni pé, "Ṣé mo wà nínú fíìmù náà?"

Wọ́n pe Basheerah. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rù, ó tan fóònù. Màmá Àgbà wọ awò ojú rẹ̀. Ó rí arúgbó kan tí gèlè ti já lórí rẹ̀, tí ń fi ẹsẹ̀ lásán jó láàárín títì, tí ń fi ìdí lu afẹ́fẹ́ bí ẹni tí kò ní ìrora orúnkún. Ó wò ó pẹ́.

"Èmi rèé?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Mo rò pé obìnrin yìí ti bá Joaquim lọ."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀, láìsí ikọ́ lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó sì ní kí wọ́n tún un tàn, kí wọ́n tún un tàn, títí fóònù fi kú sí i lọ́wọ́. Ó nu ojú. Ó ní ọpẹ́ tí òun ti dá, òun kò ní gbà á padà lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọn yóò lọ lọ́la bí wọ́n ti wí. Ní ti Antóníò Mímọ́, ó rò ó títí, ó sì yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ó lè fi ojú kan wo ògiri, kí ó sì fi ojú kejì wo iṣẹ́ tí ó kù sílẹ̀.

Wọ́n jó dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tí Fadá béèrè ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún, Màmá Àgbà ní, "Fún ohun tí ń bọ̀ lọ́nà, Fadá." Ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo àdúgbò. Inú Àǹtí Hàwáwù nìkan ni kò dùn, kì í ṣe nítorí irọ́ náà, bí kò ṣe pé wọ́n ya òun pẹ̀lú ìró tí òun fi ń ta búrẹ́dì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ kan báyìí, Clementina tẹ fóònù rẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n ti gbà á. Ẹ̀kọ́ eré ìtàgé tí ó béèrè gan-an ni. Ó rìn jáde sí ẹnu géètì, ó ní, "Wọ́n ti gbà mí."

Kò sí ẹni tí ó bú sẹ́kún. Àǹtí Hàwáwù gbójú sókè wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó ní kí wọ́n dúró ná, ó sáré wọlé lọ pààrọ̀ ìró. Bọ̀dá Mọ̀núrù na ara rẹ̀ tààrà, ó gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sókè lọ́nà tí ó wuyì, ó rẹ́rìn-ín mọ́ afẹ́fẹ́. Clementina búra pé kì í ṣe eré. Bọ̀dá Mọ̀núrù fi igun ẹnu sọ fún un pé, "Eléyìí tiẹ̀ dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Eré ti ń mọ́ ẹ lára."

Ó padà sókè. Màmá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lórí àga. Clementina jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, kò sì lè pariwo mọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Bàbá mi ì bá gbọ́," omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Màmá Àgbà dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀wà. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ojú ọmọ náà dáadáa.

"Eléyìí kì í ṣe fíìmù," ni ó wí.

Ó dìde. Clementina gbọ́ bí ère ti ń ha lórí pẹpẹ nínú pálọ̀, bí wọ́n ti ń yí i padà pátápátá, lẹ́yìn náà ohùn Màmá Àgbà gba ojú fèrèsé bọ́ sí títì, àdúgbò sì tú jáde. Àǹtí Hàwáwù sunkún nínú ìró léèsì, ó sì bínú pé kò sí ẹni tí ó ń yà á.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri àgbàlá láti fi fíìmù náà han àdúgbò. Àwọn ọmọdé ti dé ṣáájú, wọ́n jókòó lórí ẹní, wọ́n ń ti ara wọn. Joaquim máa ń kọjú tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí títì nígbà ayé rẹ̀, kí àwọn ọmọ tí ń kọjá lè wòran, a sì máa bu ẹ̀pà fún wọn, nítorí ó ní ebi kì í jẹ́ kí ẹ̀rín dùn. Clementina ti ra ẹ̀pà. Ó gbé abọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti etí ẹní, ó ń bu ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan títí ó fi kárí, kí ó tó ṣẹ́wọ́ sí Basheerah pé kí ó tan fíìmù.