Ìtí Kan Ṣoṣo Tó Dúró Lóko Ludkin

Àwọn tí kò pèéṣẹ́ rí, tí wọn kò ṣa ọkà lẹ́yìn àwọn olùkórè rí, ni wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ tó dùn ún wò ni. Kí wọ́n wá wo kókósẹ̀ mi. Àpá ibi tí pòròpórò àlìkámà ti ya mí ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Síbẹ̀, kí n má parọ́, bí ìgbà ìkórè bá ti ń wọlé, àárò oko Ọ̀gá Ludkin a máa sọ mí. Ẹ̀rọ ló ń kórè níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀rọ tó láhun ni, kì í já ṣírí kan sílẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó kó àwọn ọkùnrin wa lọ ni mò ń sọ. Ní abúlé wa ní Suffolk nígbà náà, ti olóko ni ìtí ọkà tí wọ́n dì, ti àwa tálákà ni ṣírí tó bá bọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà láti ìgbà ìwásẹ̀. Ṣùgbọ́n olóko a máa fi ìtí kan ṣoṣo sílẹ̀ láàárín oko. Ìtí Ẹ̀ṣọ́ là ń pè é. Bó bá ṣì wà ní ìdúró, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan oko náà, ìbáà jẹ́ ìyàwó àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ tí olóko bá gbé e kúrò, ó di ti ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbà á láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Màmá Pask la fi jẹ ayaba àwọn apèéṣẹ́, kó lè máa rí sí i pé ẹnì kankan kò rú òfin. Eyín méjì ló kù lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu náà kì í sinmi.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ní oṣù kẹfà, bàbá wa jábọ́ látorí òkìtì koríko Ọ̀gá Ludkin, ó sì kú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ni màmá wa ti dùbúlẹ̀, tó kọjú sí ògiri. Kì í sunkún, kì í bínú. Bí mo bá gbé tíì fún un, a mu ún. Bí mi ò bá gbé e fún un, kò ní bèèrè. Ọkùnrin tí ìjọba ní kó máa bójú tó àwọn aláìní wá, ó yẹ àpótí ìyẹ̀fun wa wò, ó ní bí òun bá padà dé lẹ́yìn ìkórè tí àpótí náà ṣì ṣófo, òun máa kó wa lọ sí ilé àwọn òtòṣì nílùú. Ta ni kò mọ ibẹ̀? Ìyá lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀, àgbà lọ́tọ̀, èwe lọ́tọ̀. Èmi àti Dulcie, àbúrò mi ọmọ ọdún márùn-ún, nìkan la lè pèéṣẹ́ nílé wa. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ní ọjọ́ tó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í pèéṣẹ́, aago ṣọ́ọ̀ṣì lù láàárọ̀, gbogbo wa sì ti pé sí ẹnu géètì oko. Ìtí Ẹ̀ṣọ́ ṣì dúró. Wọ́n ní Ọ̀gá Ludkin ti gun ẹṣin lọ sọ́jà ẹran.

“Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni,” ni Keziah Tuttle, aládùúgbò wa, wí. “Ó fẹ́ kí àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ tiwọn yó.”

“Keziah, jókòó jẹ́ẹ́. Ìdí tí Ọlọ́run fún ọ yẹn, kì í ṣe ti ìdúró,” ni Màmá Pask dá a lóhùn. “Ẹni tó bá wọ oko kí ìtí tó kúrò, èmi fúnra mi ni màá da ọkà tó bá ṣà nù.”

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. A jókòó sábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, a ṣí ìgò tíì tútù wa, àwọn obìnrin jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa, wọ́n sì bù fún èmi àti Dulcie. Àwọn ọmọ ọwọ́ sùn sínú koríko. Bí Ọlọ́run bá ní kí n mú wákàtí kan padà nínú ayé mi, wákàtí yẹn ni màá mú, tòun ti ìbẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀.

Dulcie kò jẹ́ kí Màmá Pask sinmi. “Màmá, ìgbà wo la máa ní búrẹ́dì nílé wa?”

“Ṣé o rí ìtí tó dúró yẹn? Òun ló dí wa lọ́nà. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, ìyá rẹ á jẹ búrẹ́dì.”

Àwa tó dàgbà mọ ohun tó ń sọ. Dulcie ní tirẹ̀ gbà á bó ṣe gbọ́ ọ.

Mi ò rí i nígbà tó dìde. Ohùn Keziah ni mo gbọ́ tó ní wọ́n ti gbé e, nígbà tí a sì wò, ìtí kò sí níbẹ̀ mọ́. A rò pé òṣìṣẹ́ Ọ̀gá Ludkin kan ló gba ìhà kejì wá. Màmá Pask pàápàá ló ṣíwájú wa wọlé. Mo ti ṣà tó ìdajì àpò tí mo so mọ́dìí kí ẹṣin tó dún lẹ́yìn wa.

“Ta ló ní kí ẹ wọlé?” ni Ọ̀gá Ludkin bèèrè.

“Ìtí ti kúrò, ọ̀gá,” ni Màmá Pask wí.

“Mi ò gbé e. Òṣìṣẹ́ mi kankan ò gbé e. Ẹ da gbogbo ohun tí ẹ ṣà sílẹ̀. Ilé tí mo bá ti bá ìtí mi, ará ibẹ̀ kò ní pèéṣẹ́ lóko mi mọ́.”

Kò sí pé à ń wá a kiri. Pòròpórò ti já sílẹ̀ lára ìtí náà láti àárín oko, ó gba àlàfo ọgbà tó yí oko ká, ó lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà wa. Gbogbo ojú tẹ̀lé e débẹ̀, wọ́n sì yí padà sọ́dọ̀ mi. Lójú inú mi, mo rí Dulcie lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan nílé àwọn òtòṣì, mo rí ara mi lẹ́yìn òmíràn.

Nígbà náà ni màmá wa jáde. Aṣọ ìsùn ló wọ̀, irun rẹ̀ tú sẹ́yìn, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ìtí náà mọ́ àyà, Dulcie ń sunkún tẹ̀lé e. Gbogbo wa mọ bí pòròpórò ṣe ń gún ẹni tó wọ bàtà, ká má tíì sọ ẹni tí kò wọ̀. Kò yára, kò sì dúró. Ó gbé ìtí náà nàró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó tún un ṣe kó má bàa ṣubú.

“Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá Ludkin. Ọmọ mi ló gbé e wá bá mi lórí ibùsùn. Ó ní kí n jẹ ẹ́.” Ohùn rẹ̀ ha, nítorí ó ti pẹ́ tó ti lò ó. “Mo ti dá a padà. Ó kù sọ́wọ́ yín kí ẹ gbé e kúrò, kí àwọn èèyàn ráyè ṣiṣẹ́.”

“Òfin lòfin, Ìyáàfin Garrod.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Orí òkìtì koríko yín ni Jabez ọkọ mi ti jábọ́. Ẹ fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ránṣẹ́, mo ní ẹ ṣé, mi ò bèèrè nǹkan míì. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ nìkan ni mò ń bèèrè lónìí.”

Ọ̀gá Ludkin wo ojú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó gbé ìtí náà lé èjìká, ó sì ń fa ẹṣin rẹ̀ lọ. Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà rí, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà, ó ṣe é.

Kí Màmá Pask tó ní ó yá, màmá wa ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ọkà sínú aṣọ ìsùn rẹ̀.

“Alma, ọmọ mi, lọ wọ bàtà ná,” ni Màmá Pask wí fún un.

Màmá wa kò gbójú sókè. “Bí mo bá padà wọlé nísinsìnyí, Màmá, mi ò ní jáde mọ́.”

Màmá Pask jókòó sílẹ̀, ó tú bàtà ara rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ sí màmá wa lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń wọ bàtà fún ọmọdé. Ìbọ̀sẹ̀ lásán ni ayaba wa fi pèéṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àpótí wa kún lọ́dún yẹn. Ọkùnrin ìjọba ṣí i, ó wò ó, ó dé e padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpótí ni mo máa ń rántí jù. Ẹ̀yìn màmá mi ni mo dúró sí ní gbogbo ọjọ́ náà, mo ń ṣa èyí tí ojú rẹ̀ bá fò. Ojú rẹ̀ kò fo púpọ̀. Mi ò kàn fẹ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni.