Ọjọ́ tí Bàbá Jókòó Sẹ́yìn

Ìyá Télọ̀ lóṣòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ táyà ẹ̀yìn wò. Ó le koko. Ó fọwọ́ fa ṣéènì, ó tẹ bíréèkì, ó tan iná, ó pa á. Lẹ́yìn náà ló mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu jígí méjèèjì.

"Ìyá Télọ̀, ṣé ìgbéyàwó lẹ ń lọ ni, tí ẹ fi ń nu jígí tó báyìí?" Jórinjórin tó fẹ́ ra alùpùpù náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri bí àna tó wá gba ìyàwó. "Tí mo bá rà á tán, màá tú méjèèjì dànù. Ṣe ni wọ́n ń há èèyàn sáàárín ọkọ̀."

"Ẹ kọ́kọ́ rà á ná."

Bàbá Ìyá Télọ̀ ló ni alùpùpù. Nígbà tí bàbá ń gùn ún, gbogbo àwọn tó ń gun alùpùpù ló ń tú jígí kúrò. Lọ́jọ́ tí onímọ́tò kan ṣílẹ̀kùn lójijì níwájú rẹ̀, ó yà bàrá láì mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ọkọ̀ sì gbá a. Láti ìgbà náà ló ti ń tiro. Ìyá Télọ̀ tún alùpùpù ṣe, ó ra jígí sí i, ó fẹ́ máa fi gbé aṣọ oníbàárà kiri. Bàbá kọ̀, ó ní títà lòun máa tà á. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ó ní òun á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ dé ilé ẹ̀gbọ́n òun. Bí òun bá fi lè gbá a léjìká lẹ́ẹ̀kan péré, kó dúró. Alùpùpù á di ti jórinjórin nìyẹn.

Ìyá Télọ̀ so okùn akoto mọ́ bàbá lágbọ̀n.

"Ṣé o fẹ́ fún mi lọ́rùn pa ni?"

"Kó má bàa bọ́ ni, Bàbá mi."

Elédùmarè, ṣọ́ wa lọ, ṣọ́ wa bọ̀. Wọ́n gbéra. Ọwọ́ bàbá wúwo léjìká rẹ̀. Kò sáré. Ojú rẹ̀ ń lọ síwájú, ó ń lọ sínú jígí, ó ń padà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ó rò ó nínú, ó sì gé ètè jẹ. Ta ló ń pa irú òwe yẹn nígbà tí bàbá tó ń tiro wà lẹ́yìn?

Níwájú ilé ìwé, ọkọ̀ kan dúró létí títì. Ó rí orí awakọ̀ nínú rẹ̀, tó tẹ̀ sápá ilẹ̀kùn. Ó wo jígí: ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ láàárín títì, ó fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sáyè láti yà. Ó ti ń tẹ bíréèkì wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ilẹ̀kùn náà tó ṣí gbayawu.

Alùpùpù dúró jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kọjá fìrì, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ aṣọ wọn lẹ́lẹ́.

"Ẹ má bínú, mi ò rí yín!" ni awakọ̀ náà kígbe.

"Èmi rí yín."

Ọwọ́ bàbá kúrò léjìká rẹ̀. Ó dijú, ó ń retí kó gbá òun. Ọwọ́ kankan kò bà á.

"Ṣé ibí lo fẹ́ sùn ni?" ni bàbá wí. "Máa wa alùpùpù rẹ lọ."

Rẹ! Igbe ayọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó tó gbéra bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ládé.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá, ó pa ẹ́ńjìnnì. Bàbá kò sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá mi, a ti dé."

"Ṣé mi ò ríran ni? Ṣẹ́rí padà. Ká gba ọ̀nà odò lọ ná, ìyẹn jìn díẹ̀."

Ó bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ bàbá méjèèjì ti di irin ìjókòó ẹ̀yìn mú, bí èrò yòówù tó ń lọ sọ́jà. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé láti iwájú ilé ìwé ni èjìká òun ti fúyẹ́.