Fáìlì Tí Gbogbo Kọ̀ǹpútà Ń Ṣí

Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ tí fáìlì gbogbo ilé iṣẹ́ wa wà nínú rẹ̀. Mi ò kì í tètè fọkàn tán èèyàn, mi ò sì ní purọ́ pé iṣẹ́ ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, tí kálukú ń kùn pé iṣẹ́ òun ò lọ, mo wò ó dáadáa. Fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣí láìmọye ìgbà, àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ọ̀nà odò hàn. Akọ̀wé ló sì ń ṣí i.

Akọ̀wé ni mo ń pe àbúrò ọkọ mi. Èmi ni mo mú un wá síbí, wọn ò sì tíì gbà á pátápátá. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá fẹ́ wo iṣẹ́ rẹ̀, bóyá yóò dúró tàbí yóò máa lọ sílé.

Ara fu mí. Ta ló ń ka nǹkan kan náà ní àkàtúnkà bí kò bá jẹ́ pé ó ń kó o fún ẹlòmíì? Mo rántí bó ṣe máa ń da fóònù rẹ̀ dojú bolẹ̀ tí mo bá ń kọjá. Mo rántí bàtà tuntun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo ránṣẹ́ sí ọkùnrin ìsàlẹ̀ tó ń fún kálukú láyè wọ kọ̀ǹpútà, pé kó ti ti Akọ̀wé pa, kó sì sọ fún ọ̀gá pé ó ń jí fáìlì. Lẹ́yìn náà ni mo lọ dúró sẹ́yìn àga rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ̀rọ yín mà ń wọ́ o," ó ní.

"Ẹ̀yin lẹ ń fà á sẹ́yìn, Akọ̀wé. Kí lẹ ń fi àwòrán odò yẹn ṣe?" Ẹnu lásán ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un.

"Ibi tí omi máa ya dé ni mo ń ṣírò. Mo pín in fún gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá kejì, kálukú ń ṣe abala tirẹ̀."

"Ṣé kálukú wọn náà ló ń wá ka fáìlì lọ́dọ̀ mi?"

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ ọ̀nà odò?"

Ọmọ ọlọ́mọ ò jalè. Ńṣe ló kó gbogbo ará ilé lọ sídìí ẹ̀rọ omi kan, tòun ti kóròbá lọ́wọ́ kálukú.

"Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan péré kà á," mo ní, "kó wá pín ohun tó kà fáwọn yòókù. Wọn ò jìnnà síra wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fóun látàná ni. Bó ṣe ń tún un kọ, mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Ojú ń tì mí. Ọkùnrin ìsàlẹ̀ ní òun ti tì í, òun sì ti sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀gá bí mo ṣe wí.

Nígbà tí mo fi máa padà dé, ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú. Ọ̀gá ti fa àga kan, ó ti jókòó. Akọ̀wé yíjú sí mi.

"Ìyàwó wa, wọ́n ní ẹ ní mo jalè. Kí ni mo jí?"