Igbó Fóòmù Ìsọlọ̀

Tinúadé kì í bá èèyàn jà. Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà ni, ní ilé ìwé girama kan ní Ìsọlọ̀, jẹ́jẹ́ ló sì máa ń rìn, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀ pé òun tẹ̀ ẹ́. Bí ìpàdé olùkọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀yìn pátápátá lòun ń jókòó sí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí òun àti Ọ̀gbẹ́ni Dúrósinmí gbóhùn sókè síra wọn nítorí bàsíà, gbogbo ilé ìwé ló tú jáde wá wòran.

Ọ̀rọ̀ eré ló fà á. Ọdún tí owó àfikún oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni, tí àwọn ọkọ̀ òkun tó ru sìmẹ́ǹtì tò lọ rẹrẹẹrẹ lójú omi Èkó tí wọn ò rí ibi já a sí. Tíṣà tó ti ń fi ìwé ròyìn fẹ́ ara rẹ̀ láti ọdún yìí wá ra fáànù. Èyí tó ní fáànù tẹ́lẹ̀ ra sítẹ́ríò. Dúrósinmí, ọmọ Èkìtì tó jẹ́ ọ̀gá Ẹgbẹ́ Òṣèré Àwọn Olùkọ́, ní tòun ò jẹ mọ́ sítẹ́ríò. Ó ní eré ni àwọn máa ṣe, eré tí ará Ìsọlọ̀ á fi máa júwe ọdún náà.

Eré ìfẹ́ àtijọ́ kan ló mú, eré ẹ̀rín tí iwin kún inú rẹ̀. Ọmọbìnrin ọba àti ọmọ àgbẹ̀ kan fẹ́ra, ọba kọ̀, ni àwọn méjèèjì bá sá wọ igbó, ọba àti alásè rẹ̀ sì gbá tẹ̀lé wọn. Wọn ò mọ̀ pé igbó náà ní ẹni tó ni ín. Ọbabìnrin iwin tó ni ín kò níṣẹ́ méjì ju kó máa fi ọmọ aráyé ṣẹ̀fẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, á yọ ọkàn rẹ̀ sínú igbá, á wá da ìfẹ́ wọn rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ọba ṣe ń kúnlẹ̀ fún alásè rẹ̀ nìyẹn, tí ọmọbìnrin ọba ń sunkún ìfẹ́ tọ ọdẹ kan tó jẹ́ pé ìbọn rẹ̀ tó sọnù ló ń wá ní tiẹ̀. Ó di ìdájí kí ọbabìnrin iwin tó sọ̀kalẹ̀ wá dá ọkàn kálukú padà fún un.

Tinúadé ni wọ́n ní kó ṣe igbó náà. Ohun tó wà lọ́kàn Dúrósinmí ni igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti imọ̀ ọ̀pẹ, ó tiẹ̀ ti bá ọlọ́kọ̀ kan sọ̀rọ̀ pé kó bá wọn kó wọn wá. Kì í ṣe ìyẹn ló wà lọ́kàn Tinúadé. Ó mú ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù pọ̀n, lọ́hùn-ún níbi tí àwọn tírélà ti máa ń dínà mọ́ra wọn, ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fún un ní àjákù. Ó ká a, ó fi okùn dì í, ó rì í sínú aró aláwọ̀ búlúù, ó di igi tí apá èèyàn méjì ò ká. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló ya tó fi ṣe ewé. Ó gbé ilẹ̀kùn kan dúró láàárín igbó, ilẹ̀kùn lásán, kò sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ó fi okùn gbé ibùsùn fóòmù kan kọ́ sókè, níbi tí ọbabìnrin iwin á máa sùn sí. Nígbà tó wá di ti òṣùpá, ó mú bàsíà ńlá tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ, ó gbé e kọ́ sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí wọ́n tan gílóòbù sí i.

Ibẹ̀ ni Dúrósinmí wọlé bá a.

"Tinúadé, kí lèyí?"

"Òṣùpá ni, sà."

"Bàsíà nìyí!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bàsíà tó jẹ́ òṣùpá ni."

"Ọmọ yìí, àwọn èèyàn á wọ aṣọ olówó ńlá wá síbí, ìwọ á wá fi bàsíà hàn wọ́n? Igbó ni mo ní kí o ṣe, o ń ṣe ìyẹ̀wù!"

Ohùn Tinúadé ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, nítorí ó ròkè ju bó ṣe rò lọ. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin kì í lálàá ni? Èmi, bí mo bá ń lálàá, yàrá ìyá mi àgbà ní Oǹdó ni mo máa ń wà, ṣùgbọ́n orí igi ni ibùsùn wà, odò á sì máa ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Igbó tí ẹ̀ ń wí yẹn, bí èèyàn bá wọ bọ́ọ̀sì dé Ìkòtún, á rí i. Ti ojú oorun ni mò ń ṣe!"

Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń yọjú láti fèrèsé pàtẹ́wọ́. Dúrósinmí lé wọn lọ. Ó wo bàsíà, ó wo Tinúadé, ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. "Bó bá bàjẹ́, orí rẹ ló ń lọ o."

Ìjà kejì, ti Mísbáù ni. Mísbáù ń ṣiṣẹ́ iná ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan níbẹ̀, òun ni wọ́n bẹ̀ kó bá wọn ṣe iná gbọ̀ngàn ilé ìwé tí wọ́n ti máa ṣe eré. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn òkùnkùn. Gílóòbù tó kó wá, bí wọ́n bá tàn án tán, èèyàn lè fi ṣa òkúta inú ìrẹsì.

"Ẹ dín in kù," ni Tinúadé ń wí.

"Tíṣà, ẹni tó wá wòran, ó yẹ kó ríran."

"Kó má rí i tán ni mo fẹ́. Kó máa bi ara rẹ̀ pé kí lòun rí yẹn."

"Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n jókòó sílé wọn. Òkùnkùn ò wọ́n ní Máfọ̀lúkù." Mísbáù kò dín in kù.

Ti Àrìnkẹ́ ló wá le jù. Ìyá Sùlè ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kì í ṣe tíṣà, léèsì ló ń tà ní Òṣòdì. Ọjọ́ kan tí Dúrósinmí wà ní òdìkejì ojú irin ló gbọ́ tó ń pe oníbàárà, tí ohùn rẹ̀ gba orí rélùwéè tó ń kọjá lọ́wọ́ wá bá a létí bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì búra pé ọbabìnrin iwin lòun rí yẹn. Ìyá Sùlè náà ò kọ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ inú eré sórí kí àwọn olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò bá a lára mu ni nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí Tinúadé ní kó wọ̀.

"Àwa tí à ń ta aṣọ náà la ó máa wọ nẹ́ẹ̀tì? Ọmọ mi, àwọn oníbàárà mi ń bọ̀ níbẹ̀ o."

"Ìyá Sùlè, iwin ni yín. Iwin kì í wọ léèsì."

"Èwo nínú iwin ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Tinúadé bẹ̀ ẹ́ títí, ìyá náà mi orí bí ẹni tó gbà.

Ọjọ́ eré pé, ọ̀sán Sátidé kan. Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé, gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan jókòó lórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ iwájú, tí igbó fóòmù hàn, inú gbọ̀ngàn kùn yùn-ùn. Iná Mísbáù mọ́lẹ̀ kedere. Obìnrin kan sọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn gbọ́: "Ẹ wo bàsíà bíi tèmi!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Tinúadé, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún igi kan rẹ láró tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì búlúù dé ìgúnpá, fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Ṣùgbọ́n eré ń lọ. Ìyá Sùlè jáde pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì lára, ó yọ ọkàn kálukú. Fóòmù pupa ni Tinúadé gé fún ọkàn. Ìyá Sùlè kó wọn sínú igbá, ó gun ibùsùn rẹ̀, àwọn alágbàrù méjì tí wọ́n bẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ fóòmù sì fa okùn, ìyá ròkè lọ díẹ̀díẹ̀ bí òṣùpá tó ń yọ. Ìgbà tó dé òkè ni Tinúadé rí ohun tó wà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì náà. Léèsì ni! Léèsì funfun tuntun, odidi, tó wú yẹ̀rẹ̀. Etí rẹ̀ kan sì ti wọnú kẹ̀kẹ́ irin kékeré tí okùn ń gbà kọjá, kẹ̀kẹ́ náà sì ti di í mú.

Kò sẹ́ni mìíràn tó tètè fura. Nísàlẹ̀, ọba ń kúnlẹ̀ fún alásè, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Lókè, Ìyá Sùlè, tó ti jí dé ìsọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, bá ara rẹ̀ lórí fóòmù rírọ̀, fáànù ń fẹ́ sí i lórí. Oorun gbé e lọ.

Ìgbà tó tó kó sọ̀kalẹ̀, àwọn alágbàrù tú okùn sílẹ̀. Ibùsùn kò mira. Wọ́n fà á, wọ́n tún tú u. Kò mira. Ọmọ àgbẹ̀ wòkè, ó ní, "Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọbabìnrin iwin!" Kò sí ìró ẹsẹ̀. Ó tún un sọ. Ohun tó dá a lóhùn ni híhanrun, híhanrun gidi, tó lọ sókè tó bọ̀ sílẹ̀. Gbọ̀ngàn dákẹ́ láti gbọ́ ọ dáadáa, ni ẹ̀rín bá ya.

Ọba tún kúnlẹ̀ fún alásè lẹ́ẹ̀kejì, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó tún kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Alásè ní, "Kábíyèsí, orúnkún yín ńkọ́?"

"Ẹ fa aṣọ iwájú dé!" Dúrósinmí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, òógùn ń já bọ́ lágbọ̀n rẹ̀. "Ẹ fà á dé, eré ti bàjẹ́."

"Bí ẹ bá fà á dé báyìí, wọ́n á lọ sílé láìgba ọkàn wọn," ni Tinúadé wí.

"Ọkàn ta?"

Tinúadé ti gbé àkàbà kan. Òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ, títí dòní, ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e jáde sójú gbogbo ayé, pẹ̀lú ọwọ́ búlúù, eruku ẹfun lójú, fóòmù wẹ́wẹ́ nínú irun. Ọmọdé kan ké níwájú: "Iwin rèé o!" Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra. Ẹ̀rín dúró.

Tinúadé gbé àkàbà ti igi, ó wòkè sí ibi tí Mísbáù wà.

"Ẹ pa á."

"Èwo?" ni Mísbáù béèrè.

"Gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ òṣùpá kù."

Mísbáù wò ó. Ó wo gílóòbù rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sin ọmọ. Ó wá pa wọ́n, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi ku ìmọ́lẹ̀ bàsíà nìkan, tó rọra gba inú nẹ́ẹ̀tì wá. Àwọn igi búlúù náà lọ sókè, a ò rí òpin wọn mọ́. Ilẹ̀kùn dá dúró láàárín wọn bí ẹni tó ń retí àlejò. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ bàsíà.

Tinúadé gun àkàbà débi orí Ìyá Sùlè. "Ìyá Sùlè. Ìyá Sùlè! Ẹ jí. Léèsì yín ti há. Mo fẹ́ gé e."

Inú oorun ni ìyá náà ti dáhùn, ohùn ọjà Òṣòdì sì ni: "Mi ò kì í gé e! Odidi ni mò ń tà!"

Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ìyá Sùlè lajú. Ó rí òkùnkùn, ó rí òṣùpá, ó rí ọ̀kẹ́ àìmọye orí nísàlẹ̀, ó sì rí ọwọ́ búlúù kan lójú rẹ̀. Ó pe Allāhu lẹ́ẹ̀kan.

"Èmi ni," ni Tinúadé sọ sí i létí. "Ẹ má sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ẹ pín ọkàn wọn láti òkè."

Oníṣòwò kì í pẹ́ lóye ọ̀rọ̀. Ìyá Sùlè dìde jókòó, ibùsùn ń mì lábẹ́ rẹ̀, ó gbé igbá lé itan. Ó wá pe ọba. Kì í ṣe ohùn ọjà ló fi pè é, ohùn kékeré kan ni, bí ìgbà tí ìyá bá ń jí ọmọ. Ó ju ọkàn pupa kan sílẹ̀. Fóòmù ò wúwo, fáànù sì gbé e, ó ń rọra bọ̀, ó ń yí, ó ń pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, ọba sì na ọwọ́ méjèèjì. Ó pe ọmọbìnrin ọba. Ó pe ọmọ àgbẹ̀. Gbogbo orí tó wà nínú gbọ̀ngàn ń tẹ̀lé ọkàn kọ̀ọ̀kan wálẹ̀. Lórí àkàbà, Tinúadé rí ojú wọn láti òkè, wọ́n la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ tó ń sùn, omi sì dé sójú rẹ̀.

Ti ọdẹ ló ṣìnà. Fáànù gbé e kọjá ìtàgé, ó bọ́ sí itan bàbá arúgbó kan, bàbá sì tẹ́wọ́ gbà á, ó fi sápò. Ọdẹ sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọkàn mi ni."

"O ní ìbọn lò ń wá láti àárọ̀," ni bàbá wí. "Lọ wá a." Kò dá a padà.

Bí eré ṣe parí nìyẹn, ọdẹ nìkan ni kò lọ́kàn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí, ṣùgbọ́n wọn ò lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí bí ìyá náà ṣe máa sọ̀kalẹ̀. Mísbáù ló gun òkè lọ yí kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó bọ́ léèsì kúrò lẹ́nu rẹ̀, ihò ọ̀kan ṣoṣo ló kù létí. Dúrósinmí jáde sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé òkùnkùn ni igbó náà ń fẹ́. Tinúadé tẹ́tí sí i, ó rẹ́rìn-ín, kò bá a jà.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Sùlè ti pàtẹ léèsì tuntun kan ní Òṣòdì tí ihò wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní Iwin-sùn. Àwọn obìnrin Ìsọlọ̀ ń dù ú.

Àwọn ará Ìsọlọ̀ ní kí wọ́n tún eré náà ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n ń tún igbó tò, Mísbáù bá Tinúadé lábẹ́ ibùsùn tó ń so okùn. Gílóòbù kan ṣoṣo ló mú lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Tíṣà, ti Ìyá Sùlè ńkọ́? Ṣé ká ní kó má sùn mọ́?"

"Mo bi í. Ó ní kí n wá ìrọ̀rí kún un."

Mísbáù rẹ́rìn-ín, ó bá a di okùn náà mú.