Gbogbo Wọn Ló Mọ Ìtọ̀ Ṣúgà

Ní abúlé wa ní Sardinia, erékùṣù kan ní Ítálì, ó ṣòro kí ẹ tó rí ilé tí kò ti sí ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Nítorí náà, gbogbo wọn ti di dókítà. Béèyàn bá sín báyìí, wọ́n á ní ṣúgà ẹ̀ ti di mélòó. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni èmi Greca ti ń gún tèmi, mo sì ti pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní oṣù kẹta ọdún yìí, ṣúgà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ṣáá. Mo dín abẹ́rẹ́ kù, ó tún já. Mo tún un dín, àfi gbì! Mo ṣubú síwájú ààrò níbi tí àwa obìnrin ti ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí à ń pè ní carasau.

Tzia Luxia, ìyẹn Àǹtí Luxia, aládùúgbò wa, rọ omi ṣúgà sí mi lẹ́nu. "O tún ti gún un jù, àbí? Olórí kunkun!"

"Mo ti dín in kù sí ìdajì, Tzia."

"Parọ́ fún ẹlòmíì. Ogójì ọdún ni mo ti ń gún tèmi."

Láti ìgbà náà títí di oṣù kẹsàn-án, gbogbo ìgbà tí mo bá lọ bá Dókítà Murtas ní ilé ìwòsàn, kò tiẹ̀ ń gbójú sókè wò mí. Ó ní bí mo bá ń jẹun tí mo sì ń wọn abẹ́rẹ́ mi bó ṣe yẹ, kò lè já. Mo ní ó ń rẹ̀ mí bí arúgbó. Ó ní kí n lọ sinmi.

Màmá mi, Assuntina, tí òun náà ń gún ínsúlínì, wá kó gbogbo abẹ́rẹ́ mi lọ sí yàrá rẹ̀ bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ olè. Òun ló ń gún mi, á sì jókòó tì mí títí n ó fi jẹun tán.

"Gbé e mì. Ya ẹnu, jẹ́ n wò ó."

Mo ń ya ẹnu. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà yẹn, n ò ní purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án tó ti ń gún mi, mo jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì tán níṣojú rẹ̀, mo sì ṣubú lórí àga. Ìgbà tí mo lajú, ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi gún un," ló ń sọ ṣáá. "Díẹ̀ báyìí ni mo gún."

Ọjọ́ yẹn gan-an ló fọwọ́ gbá tábìlì Murtas. "Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wò dáadáa! Mi ò ní kúrò níbí!"

Èsì dé. Àwọn ọmọ ogun ara mi, tó yẹ kí wọ́n máa gbógun ti àrùn àmọ́ tí wọ́n ti ba ibi tó ń ṣe ínsúlínì jẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ti kọjú sí kókó kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ mi. Kókó yẹn ló ń pàṣẹ fún omi ara tí kì í jẹ́ kí ṣúgà já. Oògùn oníhóró tó ń rọ́pò omi yẹn ni n ó máa lò títí ayé. Ká ní ó pẹ́ sí i ni, ǹ bá ti kú.

Murtas ń nu awò ojú rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ nínú wa, Greca."

"Èmi mọ̀, dókítà. Oṣù méje ni mo fi ń sọ ọ́ fún yín."

Nínú ọkọ̀, Màmá bú sẹ́kún. "Dárí jì mí, ọmọ mi." "Ẹ kọ́kọ́ kó abẹ́rẹ́ mi fún mi ná, Màmá." Inú ṣì ń bí mi.