Lẹ́ǹsì Tó Ríran Dé Òkè

Onídìrí ni Dúdú. Bàbá rẹ̀ ló ti ń pè é ní Dúdú láti kékeré nítorí bí ara rẹ̀ ṣe dú tó sì ń dán, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ pàápàá kò mọ òmíràn. Òun àti bàbá yìí nìkan ló ń gbé inú ilé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Kíréènì ni Bàbá ń wà, ẹ̀rọ gíga tí wọ́n fi ń gbé irin àti sìmẹ́ǹtì sókè níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ilé alájà púpọ̀. Ní kùtùkùtù ló máa ń gun àkàbà lọ sínú yàrá onígíláàsì tó wà lókè ẹ̀rọ náà, kì í sì í sọ̀kalẹ̀ títí iṣẹ́ ọjọ́ náà á fi parí. Tó bá délé, á wẹ̀, á jẹun, á jókòó ti rédíò.

"Báwo ni iṣẹ́ lónìí, Bàbá?"

"A dúpẹ́."

Ó parí. Kì í ṣe pé ó ń bínú o. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́rìn-ín nídìí iná títí ọbẹ̀ á fi jóná, ọ̀rọ̀ ti wá wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá sọ pé òun máa fẹ̀yìntì láìpẹ́, Dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Àwòrán bàbá rẹ̀ kún ilé: ti ìgbéyàwó wà níbẹ̀, èyí tó ti gbé Dúdú kọ́rùn náà wà. Kò sí ẹyọ kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ tó fi tọ́ ọ dàgbà. Ó bá gbé kámẹ́rà tó fi ń ya irun orí àwọn oníbàárà rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn ọgbà ibi iṣẹ́ náà, ó ya àwòrán. Kíréènì rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ti Bàbá kò tilẹ̀ ṣeé sọ. Lẹ́ǹsì tó wà lẹ́nu kámẹ́rà rẹ̀, ohun tó wà nítòsí ló mọ̀ ọ́n wò. Ó nílò èyí tó gùn, tó lè fa ohun tó jìnnà wá sítòsí, àmọ́ tí apá òun náà á lè ká.

Ó fẹ́ fi ya Bàbá lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkámẹ́rà, Bàbá ti ń wá bàtà.

"Wọ́n á rẹ́ ẹ jẹ. Jẹ́ ká jọ lọ. Kí lo tiẹ̀ fẹ́ fi lẹ́ǹsì ṣe?"

"Ẹyẹ, Bàbá. Mo fẹ́ máa ya ẹyẹ."

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tó ń sá fún adìyẹ?"

Obìnrin kan tó fi okùn gbé awò ojú rẹ̀ kọ́rùn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tó gbọ́ pé ẹyẹ ni Dúdú fẹ́ máa yà, ó to lẹ́ǹsì mẹ́ta sórí aṣọ. Dúdú mú èyí tó tóbi jù, apá rẹ̀ sì fà lọ sílẹ̀.

"Ìyẹn ń ríran dáadáa kódà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú," ni oníṣọ́ọ̀bù wí. "Àmọ́ ẹ máa wá ẹni tó máa bá yín gbé e."

Ó sọ iye tó ń tà á. Dúdú rọra dá a padà sílẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn.

Ìkejì fúyẹ́, owó rẹ̀ sì kéré. Dúdú gbé e sójú, ó kọjú rẹ̀ sí pátákó tó wà ní òdìkejì títì. Ṣe ni gbogbo lẹ́tà ń jó.

"Àbí ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n ni?"

"Ọwọ́ gbogbo wa ló ń gbọ̀n," ni oníṣọ́ọ̀bù dá a lóhùn. "Tí ohun téèyàn ń yà bá wà nítòsí, kì í hàn ni. Bí lẹ́ǹsì bá ṣe ń ríran jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń tú àṣírí ọwọ́ tó. Èyí ò sì ní ohun tó ń mú àwòrán dúró. Ẹ gbé ìkẹta wò."

Ìkẹta ti lo ọdún díẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì, ara rẹ̀ ti bó níbì kan. Bí Dúdú ṣe yí i, ó na ọrùn síwájú, pátákó òdìkejì sì sáré wá bá a. Nǹkan kan kùn díẹ̀ nínú rẹ̀, gbogbo lẹ́tà bá dúró jẹ́ẹ́.

"Ṣé ojúmọmọ lẹ máa lò ó?" ni oníṣọ́ọ̀bù bi í.

"Ọ̀sán gangan ni."

"Ó máa ṣe é nìyẹn. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ló máa yọ yín lẹ́nu. Ẹyẹ yín ńkọ́, báwo ló ṣe jìnnà tó?"

"Ó ga tó ilé alájà ogún." Dúdú ti sọ ọ́ kó tó ronú.

Bàbá yíjú sí i. "Ẹyẹ wo nìyẹn?"

"Àṣá ni, Bàbá."

"Ṣé kò ní í fò lọ kó o tó gbé lẹ́ǹsì sójú?"

"Kì í fò. Ojú kan ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́."

"Ara ẹ̀ ò yá nìyẹn," ni Bàbá wí.

Oníṣọ́ọ̀bù tan iná sínú lẹ́ǹsì náà kí wọ́n lè rí i pé gíláàsì inú rẹ̀ kò bu, kò sì sán. Bàbá ná an títí obìnrin náà fi ń rẹ́rìn-ín, tó sì bá wọn dín owó rẹ̀ kù. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé e délé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dúdú ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án. Oníbàárà rẹ̀ kan ló ni ilé ìfọṣọ tó kọjú sí ibi tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́, ó sì gbà kó gun òkè ilé náà lọ, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Dúdú dúró sáàárín àwọn aṣọ funfun tí atẹ́gùn ń fẹ́, ó na lẹ́ǹsì dé òpin.

Àfi bíi pé iwájú rẹ̀ níbẹ̀ ni Bàbá jókòó sí. Ó ti ṣí akoto kúrò lórí. Ike oúnjẹ tí Dúdú dì fún un wà lórí itan rẹ̀. Dúdú tẹ kámẹ́rà. Ó tún un tẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá rí i pé ẹnu Bàbá ń lọ, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ ló ń jẹ. Ó ń sọ̀rọ̀ ni. Ó sọ ọ́, ó dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́ èsì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu itan. Kò sí fóònù létí rẹ̀. Kò sì sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí Dúdú ti rí ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ó ya àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ kámẹ́rà kalẹ̀, ojú ń tì í bí ẹni tó já wọ yàrá ẹlòmíì láìkanlẹ̀kùn.

Nírọ̀lẹ́, tí Bàbá jẹun tán, Dúdú gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni àṣá yẹn."

Bàbá wo àwòrán àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wo ìkejì. Nígbà tó dé orí èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó na ọwọ́, ó pa rédíò.

"Ìyá ẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Dúdú wo àwòrán náà, ó tún wo Bàbá.

"Mi ò ya wèrè o."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Gbogbo nǹkan ni mo máa ń sọ fún un. Obìnrin tó sùn lọ lórí àga nígbà tó ò ń dirí fún un, mo sọ ọ́. Mi ò lè dárúkọ ẹ̀ nílé níbí ni. Ìgbà tí mo dárúkọ ẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, ṣé o rántí bó o ṣe sunkún? Mo bá ní kí n kúkú máa gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ sókè."

"Èmi náà, nítorí yín ni mi ò fi ń dárúkọ wọn," ni Dúdú wí. "Mo rò pé egbò yín ni màá máa họ."

Bàbá mi orí. "A ti ṣàánú ara wa jù." Ó yí kámẹ́rà náà lọ́wọ́. "Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè nípa ìfẹ̀yìntì yìí nìyẹn. Tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ pátápátá, níbo ni màá ti máa bá a sọ̀rọ̀?"

Dúdú fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Níbí. Ẹ máa sọ ọ́ kí èmi náà gbọ́."

Kò kọ́kọ́ rọrùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá ò lọ síbi iṣẹ́ mọ́, ó wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ bá ìpàdé sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyá Dúdú," ó bá mu omi. Omijé bọ́ lójú Dúdú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. "Ẹ máa bọ̀, mò ń gbọ́," ló wí. Bàbá kò lè sọ ju ìyẹn lọ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ mọ́.

"Ìyá Dúdú, ọmọ ẹ fẹ́ fi iyọ̀ pa mí láàárọ̀ yìí o."

"Màámi, ẹ má dá wọn lóhùn! Àwọn fúnra wọn ló bù ú sí oúnjẹ wọn."

"Ṣé o gbọ́ ọ? Ó ń pè mí ní òpùrọ́ lójú ẹ."

"Ẹ bi wọ́n léèrè, Màámi, ta ló di ìdérí agolo iyọ̀ mú?"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìdérí náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì títí tíì wọn fi tutù sínú ife.